Tíkẹ́ẹ̀tì Rẹ Dà?

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò
nínú rélùwéè, láti Òṣogbo dé Ọ̀fà, dé Jẹ́bà.
Ẹni tí kò sanwó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò:
á yára fà á kúrò lójú ọ̀nà,
á kí mi jù, á bi mí léèrè ọmọ.
Mo mọ̀ wọ́n. Mo mọ̀ wọ́n lójú, mo mọ̀ wọ́n lóhùn.

Àmọ́ èyí tó jókòó sí pálọ̀ mi l'Ókè-Báálẹ̀,
nínú kọ̀ǹpútà tí Mùtíátù fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn,
n kò mọ ìgbà tó wọlé.

Ìyàwó mi, Sùwébátù, ló kọ́kọ́ rí i.
Iná dé lóru, aago méjì kọjá díẹ̀,
ó dìde lọ pa gílóòbù ẹ̀yìnkùlé,
ó bá ojú kékeré orí kọ̀ǹpútà tó là kalẹ̀,
tó ń tàn bí ojú ológbò.
"Bàbá Mùtíátù, nǹkan yìí ń wò wá."
Mo ní kó lọ sùn.
Ó mú pílásítà tó kù lára èyí tó fi di ìka,
ó fi bo ojú náà
kó tó lọ sùn.

Láàárọ̀ ni àpótí pupa yọ:
Ewu! Amí igba ó lé mẹ́tàdínlógójì ló wà nílé rẹ!
San ẹgbẹ̀rún méje náírà, n ó lé gbogbo wọn jáde.
Mo ti mú káàdì báńkì jáde, mo ti wọ jígí,
kí ọpọlọ mi tó dúró bí ọkọ̀ tó rí sígínà pupa:
ta ló lè ka èèrà inú ṣúgà
níwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan, kí iye rẹ̀ pé?

Mo rántí ọkùnrin kan tó wọkọ̀ wa ní Ìkìrun,
ó wọ yúnífọ́ọ̀mù, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán ju tèmi lọ,
ó ń gbowó lọ́wọ́ èrò
láti wágúnù kẹta títí dé ìkẹjọ.
Kì í ṣe ọmọ iṣẹ́ wa. Òun gan-an kò ní tíkẹ́ẹ̀tì.

Mo dá káàdì padà sápò.
Mo gbé ẹ̀rọ lọ bá Rófíátù l'Álékùwodò,
nínú kọ̀ńténà aláwọ̀ ewé tó ti ń tún wọn ṣe.
Kò tíì tàn án tó fi bi mí:
"Bàbá, bí ẹ bá fẹ́ gba ọdẹ sílé, kí lẹ máa bèèrè?"
Mo ní orúkọ rẹ̀. Mo ní ilé bàbá rẹ̀.
Mo ní ta ni onídùúró rẹ̀.
Ó ní, "Ẹ ti gba máàkì."

Ó ní ọdẹ gidi kì í kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn
láti sọ pé olè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín.
Ẹ̀yin lẹ ó wá a lọ sílé ẹni tó ṣe é,
kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pín in lójú pópó.
Ẹ wò ó bóyá àwọn tí kò jẹ nínú owó rẹ̀ ti dán an wò.
Ẹ wo ohun tó ní òun fẹ́ mọ̀:
kí ni ọdẹ fẹ́ fi orúkọ ìyá yín ṣe?
Ọ̀fẹ́ kò burú, àmọ́ ẹ bi í ní ohun tó ń jẹ.
"Ẹ má sì gba méjì pọ̀ o.
Ọdẹ méjì lójúde kan, wọ́n á yìnbọn fún ara wọn."

Èyí tó gbà fún mi kò pariwo.
Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló fi tú inú ilé,
mo jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀pà, mo tòògbé lórí bẹ́ǹṣì.
Mọ́kànlá ló rí. Mọ́kànlá péré.
Àgbà inú wọn
wọlé lọ́jọ́ tí mo ń wá àwòrán rélùwéè àtijọ́ lọ́fẹ̀ẹ́,
tí nǹkan kan ní kí n tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni",
tí mo tẹ̀ ẹ́ láì kà á.

Èmi! Èmi tí mo máa ń dá olówó àti tálákà dúró
pé, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ dà?

A ti yí ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì padà.
Rófíátù gba ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀, ó kọ rìsíìtì.
Ẹ̀rọ ti padà sí pálọ̀, ara rẹ̀ ti yá.
Mo ní kí Sùwébátù yọ pílásítà kúrò.
Ó wò mí, ó wo pílásítà,
ó lọ mú òmíràn, ó lẹ̀ ẹ́ lé e.